Ẹlẹ́rìí Inú Ìgò

Ìgò jáàmù márùn-ún lórí tábìlì,
fèrèsé ṣí sí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́,
afẹ́fẹ́ ń gbé òórùn ẹja wọlé
bí akẹ́kọ̀ọ́ tó pẹ́ dé tí kò kí ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀ṣíbọ̀dù gé ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n
ní gbọọrọ gbọọrọ bí ìka ọwọ́,
ó fi rúlà onígi wọ̀n wọ́n:
sẹ̀ǹtímítà márùn-ún géérégé, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.
A kò ní òṣùwọ̀n.
Eku ti jẹ wáyà èyí tí ìjọba fún wa.

"Omi lásán sí ìgò kìíní.
Hóró ṣúgà méjì sí ìkejì,
márùn-ún sí ìkẹta,
mẹ́wàá sí ìkẹrin, ẹ rò ó títí yóò fi yọ́.
Mẹ́wàá náà sí ìkarùn-ún,
ṣùgbọ́n ìbẹ́pẹ sísè ni kí ẹ jù sínú ìyẹn."

Èmi ni wọ́n gbé páálí ṣúgà fún.
Mo ka mẹ́wàá fún ìgò kẹrin lójú Sàbúrátù.
Nígbà tó yíjú, mo ka mẹ́ta padà
sínú àpò yunifọ́ọ̀mù mi.
Ìyá Màmá wà lórí ẹní nílé, ní Pópó-Òbà,
ọjọ́ kẹta rèé tó ń fa ògì lásán,
tó ní ẹnu òun korò bí ewúro.
Ta ni yóò mọ̀? Ṣúgà tó bá ti yọ́
kò lójú, kò lórúkọ.
Omi ìgò kẹrin mọ́ gaara bíi ti àkọ́kọ́.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́.
Èyí tó sùn nínú omi lásán ti yó,
ó le koko, ó fi ìlà mẹ́ta gùn sí i.
Ti ìgò kejì kò gùn, kò kúrú;
òun àti omi rẹ̀ ń fún ara wọn, wọ́n ń gbà,
bí aládùúgbò méjì tí kò sí gbèsè láàárín wọn.
Ti ìkẹta rọ̀.
Ti ìkẹrin tẹ̀ lọ́wọ́ mi bíi rọ́bà.

"Ibi tí adùn bá pọ̀ sí ni omi ń yọ́ lọ,"
ni Ọ̀gbẹ́ni wí,
"ojú ọ̀nà tóóró kan ló ń gbà,
tí ṣúgà fúnra rẹ̀ sanra jù láti gbà."
Ó wá fi ṣíbí gbé ìbẹ́pẹ sísè sókè.
"Ilé tí ògiri rẹ̀ ti wó,
ta ló tún ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀?"

Lẹ́yìn náà ni ṣọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀.
Ìgò kẹrin, ẹgbẹ́ kìíní: ó fi ìlà mẹ́fà kúrú.
Ẹgbẹ́ kejì: mẹ́fà.
Ẹgbẹ́ kẹta: mẹ́fà ó lé díẹ̀.
Tiwa: mẹ́rin.

Ṣọ́ọ̀kì dúró lójú pátákó.
Kò wo ojú wa. Ìbẹ́pẹ ló ń wò,
ó gbé e síwájú fèrèsé, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.
"Eléyìí," ó ní, "kò rí ṣúgà mẹ́wàá."

Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Ọkọ̀ ojú omi kan ń kùn lọ lókèèrè.
Òógùn bọ́ ní iwájú orí mi, ó dé ẹnu mi,
iyọ̀ ni.
Sàbúrátù ń wo bàtà rẹ̀.
Ọ̀gbẹ́ni kọ mẹ́rin sílẹ̀, kò pa á rẹ́.
"Ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ," ó ní,
ó sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Màmá ti dìde jókòó,
ọ̀bọ̀kún mẹ́rin nínú agbada níwájú rẹ̀,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀.
Kò bèèrè ibi tí adùn ògì àná ti wá.
Omi ń ṣẹ́ láti ara ẹja tó ti fi iyọ̀ pa,
ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan.
Ó na abọ́ iyọ̀ sí mi.
"Bá mi parí èyí tó kù.
Má ṣahun o. Ẹja á mọ̀."